Páàdì Tí Wọ́n Ṣe fún Ọwọ́ Òsì

Ohun tí Bàbá Wolé-wolé kọ́kọ́ ṣe nígbà tí wọ́n gbé páàdì tí wọ́n fi ń ta gémù lé e lórí itan ni pé ó gbóòórùn rẹ̀. Kò fọwọ́ kàn án o. Ó tẹ orí wálẹ̀, ó fa imú sí i lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ta ló jẹ àkàrà sí i lára?"

Christopher ló ń bi. Christopher yìí, ọmọ Ìkàrẹ́ ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan níbẹ̀ ní Ọ̀wọ̀, òun ló sì fẹ́ fẹ́ Olúfúnmilọ́lá, ọmọbìnrin Bàbá. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, ó ń wá ihò tí wáyà ẹ̀rọ náà máa wọ̀. Láti ibẹ̀ ló ti dáhùn.

"Ẹ má bínú, sà. Tòkúnbọ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n mi ló fi ránṣẹ́ láti Èkó. A máa nù ún."

"O máa nù ún. O gbé e wọ ilé onílé tán kí o tó rántí pé nǹkan a máa dọ̀tí."

Ẹ má bá a wí. Ẹni tó ti fi bí ọgbọ̀n ọdún ṣe iṣẹ́ wolé-wolé, imú ló fi ń ríran. Ignatius Ọmọ́lẹ́yẹ ni orúkọ tí fadá pè é lọ́jọ́ tí wọ́n rì í bọmi, ṣùgbọ́n ẹ dé Ùsò, ẹ dé Ùpenmẹ̀n, ẹ lọ títí dé Ìdógùn, ẹ béèrè Ignatius, wọn yóò kàn máa wò yín lójú ni. Wolé-wolé ni wọ́n mọ̀. Láyé ọjọ́un, bí wọ́n bá ti gbọ́ ìró alùpùpù rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ òkè, àwọn obìnrin á ti máa da omi àmù nù sí ẹ̀yìnkùlé, àwọn ọkùnrin á sì rántí lójijì pé àwọn ní iṣẹ́ lóko. Á dé pẹ̀lú ṣòkòtò kakí àti tọ́ọ̀ṣì, á tan iná sínú àmù, bí ó bá rí tanwíjí kan tó ń jó nínú omi, onítọ̀hún ti wọ gàù. Á ṣí ìkòkò ọbẹ̀ wò. Á wo abẹ́ èékánná ọmọ. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣáláńgá, á máa bá baálé ilé wí lójú ìyàwó rẹ̀ títí ojú á fi ti ajá ilé pàápàá. Ìjọba ló gbà á síṣẹ́ pé kí ó máa kórìíra ẹ̀gbin, ó sì kórìíra rẹ̀ ju bí ìjọba ṣe ní kí ó kórìíra rẹ̀ lọ.

Kò pẹ́ tó fẹ̀yìntì ni àrùn rọpárọsẹ̀ dá a wó sí ilé ìwẹ̀. Ọlọ́run ṣeun, ẹsẹ̀ padà. Ẹnu tó kọ́kọ́ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ padà sípò, ó tún wá mú ju ti àtijọ́ lọ. Ọwọ́ ọ̀tún ni kò padà. Ó kàn wà níbẹ̀ bí iṣu tí wọ́n gbé ti ògiri. Nọ́ọ̀sì Kúlísúmù, tó ń wá wò ó nílé, a máa fi abẹ́rẹ́ gún un ní àtẹ́lẹwọ́ láti mọ̀ bóyá ó ti ń mọ nǹkan lára. Bàbá á ti fi ojú sí òdìkejì, nígbà tó bá yá á ní, "Ṣé o ti bẹ̀rẹ̀ ni?" Nọ́ọ̀sì á ní òun ti parí.

Ó wá ku ọwọ́ òsì. Ọwọ́ òsì, tí Bàbá fúnra rẹ̀ ti dúró níwájú àwọn ọmọ ilé-ìwé káàkiri àgbègbè yẹn tó ń sọ fún wọn pé ìdí ni a fi ń nù, kò gbọdọ̀ dé ibi oúnjẹ, kò gbọdọ̀ kan ara ẹlòmíràn. Ẹ ṣe fẹ́ kí ó wá fi òun kan náà jẹun? Ó kọ̀. Monísọ́lá, ìyàwó rẹ̀, ló ń bu oúnjẹ sí i lẹ́nu, wọ́n á sì ti ilẹ̀kùn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Kò lọ sí Máàsì mọ́, nítorí nígbà tí fadá bá ní kí àwọn èèyàn fún ara wọn ní àlàáfíà, tí gbogbo ìjọ ń bọ ara wọn lọ́wọ́, kí ni òun ó nà jáde? Ó yá a lára kí ó jókòó sílé kí ó máa bínú.

Gbogbo èyí, ilé lè gbé e mọ́ra. Ti Lọ́lá ni wọn kò lè gbé mọ́ra. Ìgbéyàwó ti kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ́n fẹ́ ṣe é kí ọdún Ìgógó tó dé, tí wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lùlù ní Ọ̀wọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó, kí ọmọbìnrin tó kúrò nílé baba rẹ̀, á kúnlẹ̀, baba á gbé ọwọ́ ọ̀tún lé e lórí, á súre fún un. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wọn láti ayé bàbá Bàbá nìyẹn. Bàbá ti ní òun kò ní ṣe é. Ọwọ́ òsì kò lè gun orí ọmọ òun láéláé, èyí tó jẹ́ ọ̀tún sì ti di òkú. Kí Ambrose, àbúrò òun, wá dúró fún òun. Òun ó wà nínú yàrá.

Lọ́lá gbọ́, kò sọ nǹkan kan. Ọmọ náà jọ bàbá rẹ̀ nínú ìyẹn. Ohun tó bá dùn ún wọnú eegun, kì í pariwo rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti dárúkọ ìgbéyàwó, á dìde, á lọ fọ abọ́ tí ẹnìkan ti fọ̀ tẹ́lẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n wá nǹkan tí ọwọ́ méjèèjì á jọ dì mú, bóyá òsì á lè jí ọ̀tún. Wọ́n fún Bàbá ní bọ́ọ̀lù kékeré kan, ó ní òun kì í ṣe ọmọ ọwọ́. Wọ́n ní kí ó máa fún aṣọ tútù, ó ní iṣẹ́ alágbàfọ̀ kọ́ ni òun ṣe fẹ̀yìntì. Ibẹ̀ ni Christopher ti rántí ẹ̀rọ gémù tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti jù sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Eré alùpùpù ló wà nínú rẹ̀. Ó rò pé Bàbá tó ti fi alùpùpù ṣiṣẹ́ jẹun, ó lè dùn mọ́ ọn. Èrò ọmọ àna lọ́tọ̀, èrò baba ìyàwó lọ́tọ̀.

Lọ́lá fi òwú àti sípírítì nu páàdì náà, ó gbé e padà wá. Bàbá ní kí wọ́n bá òun mú tọ́ọ̀ṣì.

Àyẹ̀wò tó ṣe fún nǹkan náà lọ́jọ́ yẹn, kò ṣe irú rẹ̀ fún ṣáláńgá rí. Nǹkan pẹlẹbẹ onígun mẹ́rin ni, ó le, igun rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì mú bí etí agolo sàdíìnì. Bàbá béèrè pé ṣé àtẹ́lẹwọ́ èèyàn ní igun ni. Wáyà rẹ̀ kò gba iwájú jáde, níbi tí kò ti ní di ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ló ti yọ, gẹ́lẹ́ ibi tí àtẹ́lẹwọ́ máa fara tì, rọ́bà gígan kan sì wà ní ìdí wáyà náà tó yọ ṣóńṣó síta. Wáyà ọ̀hún tún kúrú. Kí ó tó lè dé ọwọ́ Bàbá, wọ́n fa àga rẹ̀ súnmọ́ tẹlifíṣọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí imú rẹ̀ fẹ́ẹ̀ kan gíláàsì. Kò sì sí pé wọ́n máa pààrọ̀ páàdì náà o, nítorí àwọn tó ṣe é ti so ó mọ́ ẹ̀rọ pinpin. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ̀rọ, ẹ gba páàdì burúkú mọ́ ọn. Bọ́tìnnì pupa méjì ló wà lápá ọ̀tún. Ẹ tẹ̀ wọ́n, wọ́n á wọlé, wọn kò ní tètè jáde.

"Ẹni tó ṣe eléyìí," ni Bàbá wí, "kò wo ọwọ́ ara rẹ̀ rí."

Ó tan iná sí apá òsì.

"Àgbélébùú rèé."

"Bọ́tìnnì ni, sà," ni Christopher dáhùn.

"Mo ní àgbélébùú rèé. Ìjọ Páàdì, ti àwọn fadá, ni mò ń ṣe látijọ́, mo mọ àgbélébùú bí mo bá rí i. Kí ni wọ́n ní kí n fi ṣe?"

"Ẹ ó máa fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, sà. Òun ló ń darí alùpùpù náà sọ́tùn-ún sósì."

"Àtàǹpàkò wo?"

Christopher mọ̀ pé ọ̀fìn wà níwájú, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wọ̀ ọ́. "Ti òsì, sà. Ọwọ́ ọ̀tún á máa tẹ bọ́tìnnì pupa, òun ló ń fún un níná."

Bàbá gbé tọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. "Pé kí òsì máa darí, kí ọ̀tún máa tẹ̀lé e. Kí n fi ọwọ́ òsì tẹ àgbélébùú mọ́lẹ̀. Àwọn tó ṣe nǹkan yìí, ọwọ́ wo ni wọ́n fi ń jẹun?"

"Mi ò mọ̀, sà."

"A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ìwọ wá ní kí n fi gun alùpùpù."

Christopher bẹ̀ ẹ́. Ní ti òótọ́, kò sí ohun mìíràn tó lè ṣe. Bàbá wo páàdì náà títí, ìríra hàn lójú rẹ̀ kedere, ó wá yí i po, ó dorí rẹ̀ kodò, kí àgbélébùú lè bọ́ sábẹ́ ọ̀tún, kí òsì lọ máa tẹ bọ́tìnnì bí ọmọ ọ̀dọ̀. Ó mú àtàǹpàkò ọ̀tún tí kò mọ ohun tí ń lọ, ó gbé e ka àgbélébùú náà lórí, ó sì ń fi èjìká tì í.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ta gémù rí, ẹ mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Páàdì tí wọ́n bá dorí rẹ̀ kodò, òsì rẹ̀ ti di ọ̀tún. Bí ọ̀nà bá yà sọ́tùn-ún, Bàbá á fi èjìká ti ọwọ́ sọ́tùn-ún, alùpùpù á yà sósì, á fi gbogbo iná kọlu ògiri. Ọkùnrin kékeré tó wà lórí rẹ̀ á fò sókè, á balẹ̀, á dìde, á gbọn ara, á sáré lọ gun alùpùpù rẹ̀. Bàbá á tún fi í kọlu ògiri. Lójoojúmọ́ ni, ìgbà tí Nẹ́pà bá ti mú iná wá. Á bú ògiri. Á bú ọ̀nà. Á bú àwọn tó ṣe páàdì títí dé ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ́ wọn níṣẹ́. Ó ní bí òun bá ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹni náà á rojọ́ níwájú adájọ́.

Christopher rí i pé páàdì dorí kodò. Àbí ojú rẹ̀ fọ́ ni? Ṣùgbọ́n ta ni í sọ fún baba ìyàwó, tí kò tíì fi ìyàwó lé e lọ́wọ́, pé ó di nǹkan mú lódì? Á jókòó sétí ilẹ̀kùn. Monísọ́lá rí i náà, ṣùgbọ́n obìnrin tó ń bu oúnjẹ sí ọkọ lẹ́nu lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń gbóná, kì í fọwọ́ kàn án.

Lọ́lá ni kò lè pa á mọ́ra mọ́. Ọjọ́ Sátidé kan ni, ó ń dán aṣọ ìgbéyàwó wò nínú yàrá, ìró alùpùpù tó ń kọlu ògiri sì ń wọlé bá a léraléra. Ó jáde tòun ti aṣọ funfun lára, abẹ́rẹ́ ṣì wà ní etí aṣọ níbi tí télọ̀ fi í sí.

"Bàbá, ẹ dorí rẹ̀ kodò."

"Mo mọ̀."

Lọ́lá kò retí ìyẹn. Christopher, tó jókòó sétí ilẹ̀kùn bí ìṣe rẹ̀, wo ilẹ̀.

"Ẹ mọ̀, ẹ sì ń kọlu ògiri láàárọ̀ lálẹ́?"

"Ó sàn kí n fi ọ̀tún kọlu ògiri ju kí n fi òsì dé ibi tí mò ń lọ."

"Bàbá, èmi ni ògiri yẹn."

Lórí tẹlifíṣọ̀n, ọkùnrin kékeré náà dìde, ó gun alùpùpù rẹ̀, kò rí ẹni fún un níná, ó dúró síbẹ̀.

"Mi ò ní kúnlẹ̀ fún Bàbá Ambrose," ni Lọ́lá wí. Ohùn rẹ̀ kò ga. "Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n wọn kọ́ ló bí mi. Bí kì í bá ṣe ọwọ́ yín ló gun orí mi, n óò wọ bàtà mi, n óò jáde nílé yìí láìgba ìre kankan. Ẹ ó ti wà nínú yàrá nígbà yẹn, ẹ ò ní rí mi."

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán nìyẹn. Ọmọ tó jáde nílé baba rẹ̀ láìgba ìre, bí ó bá kọsẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, ilé baba rẹ̀ ni wọ́n á tọ́ka sí. Bàbá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́, ó fẹ́ sọ nǹkan kan tó dára, èyí tó wá jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Lọ bọ́ aṣọ yẹn kí ó tó dọ̀tí."

Ní ìrọ̀lẹ́, ìyàwó rẹ̀ ń bu ẹ̀bà sí i lẹ́nu. Nígbà tó yá ló ní, "Bàbá Lọ́lá, kí lẹ máa ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé yẹn, bí ẹ bá ti sọ ti ọwọ́ òsì tán?"

Bàbá jẹ ẹ̀bà ẹnu rẹ̀ tán kí ó tó dáhùn. "Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́. Ìgbà tí méjèèjì wà láàyè ni mo sọ ọ́."

Obìnrin náà bu òkèlè mìíràn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Monísọ́lá lọ sọ́jà, Lọ́lá lọ sọ́dọ̀ télọ̀. Bàbá nìkan ló wà ní pálọ̀. Oòrùn gba ojú fèrèsé wọlé, ó tàn sára páàdì, Bàbá sì rí ìlà dúdú kan tó yí àgbélébùú náà ká. Ó súnmọ́ ọn. Òógùn ni. Òógùn àti ọ̀rá àti èérí ọwọ́ àwọn ọmọ tí òun kò mọ bàbá wọn, ó ti gbẹ, ó ti di amọ̀ sínú kòtò bọ́tìnnì. Sípírítì Lọ́lá kò dé ibẹ̀. Àwọn tó ṣe é ti gbẹ́ kòtò sí i lára, bí ẹni tó fẹ́ kí ìdọ̀tí rí ilé gbé, àtàǹpàkò òun sì ti ń sùn lórí rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá.

Kò lè dúró de ẹnikẹ́ni. Ó dìde, ó wá búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó, ó gbé ìgò sípírítì. Ṣùgbọ́n nǹkan tí èèyàn ń fọ̀, ọwọ́ kan gbọ́dọ̀ dì í mú. Ó fi itan há a, ó yọ̀. Ó fi ikùn tì í, ó bọ́ sílẹ̀. Níkẹyìn, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sórí itan, ó ṣí ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ki páàdì bọ̀ ọ́, ó sì tún pa àwọn ìka náà dé lé e lórí. Ibi tó dọ̀tí ni kò fẹ́ kí ó jìnnà sí òsì tó mú búrọ́ọ̀ṣì, kò tilẹ̀ ro ti orí tàbí ìdí páàdì. Ó kàn ṣẹlẹ̀ pé bí ó ṣe yẹ kí wọ́n dì í mú ló ṣe dì í mú.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀. Ó ń fọ̀, ó ń bú. Nǹkan dúdú ń jáde bí ìdọ̀tí etí, ó ń nù ún sára ìwé ìròyìn, ó ń yí imú. Ó fi gbogbo agbára tẹ búrọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀, nǹkan kan sì gún un.

Ó rò pé ìjàlọ ni. Ó wo itan, ó wo ẹsẹ̀, ó gbọn ṣòkòtò. Kò rí nǹkan kan. Ó tún gbé páàdì sí ọwọ́, ó tún fi agbára tẹ̀ ẹ́, nǹkan náà tún gún un, ìgbà yìí ni ó mọ ibi tó ti wá. Rọ́bà ìdí wáyà ni. Rọ́bà gígan tí kò yẹ kí ó wà níbẹ̀ rárá ló ń gún un ní àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún.

Ìrora náà kéré, ó jìnnà, bí ẹni tí ń kan ilẹ̀kùn ní ilé kejì. Ṣùgbọ́n ìrora ni. Bàbá jókòó, kò mira. Ó rọra tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó dé. Ó sinmi, ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tún dé.

"Kí ni wọ́n ń fi wáyà wá níbí?" ni ó wí sókè, fún ẹni tó wà ní òkè òkun tó ṣe iṣẹ́ náà. "Àwọn òmùgọ̀ yìí." Omi ti dé ojú rẹ̀. Inú ń bí i, inú rẹ̀ sì ń dùn, kò sì fẹ́ràn kí nǹkan méjì máa ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù ló kọ́kọ́ jẹ́ kí ó dákẹ́, nítorí nígbà tí nọ́ọ̀sì Kúlísúmù tún wá, tó fi abẹ́rẹ́ rẹ̀ gún un, kò mọ̀ ọ́n lára rárá. Bí ìrora náà bá ti lọ, kí ló fẹ́ sọ fún Lọ́lá? Ọjọ́ mìíràn wà tí rọ́bà á gún un, ọjọ́ mìíràn wà tí á tẹ̀ ẹ́ títí, tí kò ní sí ìdáhùn. Ìdí kejì, kí a má purọ́, ìgbéraga ni. Bí ó bá sọ ọ́, Christopher á rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n á máa yin páàdì. Ó ti sọ páàdì náà ní orúkọ burúkú káàkiri àdúgbò, kò ní wá máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kò dorí rẹ̀ kodò mọ́. Rọ́bà náà kò lè dé àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún bí kò ṣe pé wọ́n gbé páàdì sípò, bí wọ́n bá sì gbé e sípò, abẹ́ òsì ni àgbélébùú ń bọ́ sí. Àwọn ẹni burúkú náà ti dì í papọ̀. Àfi kí ó gbà bẹ́ẹ̀. Á fi ọṣẹ fọ ọwọ́ òsì kí ó tó bẹ̀rẹ̀, á tún fọ̀ ọ́ bí ó bá parí. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí òsì darí, alùpùpù kọjá ògiri tó ti ń pa á láti ọjọ́ yìí wá, ó yà wẹ́rẹ́, ó lọ. Bí ó ṣe rọrùn tó yẹn rí i lára. Ó ní ilé ayé ti bàjẹ́.

Lọ́lá gba ẹnu ọ̀nà kọjá, ó rí i. Bàbá ní kí ó má wo òun. Ó lọ, kò ṣí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, Bàbá náà kò ṣí i.

Ọjọ́ pé. Láàárọ̀, pálọ̀ ti kún fún àwọn ará ilé. Ambrose ti wọ agbádá rẹ̀, ó ti ń tún ọ̀fun ṣe, ó ti ká apá agbádá sí èjìká kí ọwọ́ ọ̀tún lè rí àyè. Ilẹ̀kùn yàrá Bàbá wà ní títì. Lọ́lá jáde nínú aṣọ funfun, ìbòrí gígùn lórí rẹ̀, bàtà rẹ̀ wà lọ́wọ́. Ó wo Ambrose, ó kí i tẹ̀yẹtẹ̀yẹ. Ó wá jókòó sórí àpótí, ó fi ẹsẹ̀ kan wọ bàtà. Ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó fi ẹsẹ̀ kejì wọ̀ ọ́.

Ilẹ̀kùn ṣí. Bàbá dúró níbẹ̀ nínú bùbá funfun tí wọ́n ti lọ̀ dáadáa. Ó ti bá ọwọ́ rẹ̀ jà nínú yàrá láti òwúrọ̀, ó ti fi rọ́bà gún un, ó fi èékánná gún un, ọwọ́ náà kò dáhùn lónìí. Síbẹ̀ ó jáde.

"Ambrose, jókòó."

Ambrose jókòó.

Bàbá náà lọ jókòó sórí àga rẹ̀, èyí tí wáyà kúkúrú ti fà sẹ́bàá tẹlifíṣọ̀n tí ẹnikẹ́ni kò sì tíì dá padà. "Bọ́ bàtà yẹn," ni ó sọ fún ọmọ rẹ̀. "Àbí o máa fi bàtà kúnlẹ̀?"

Lọ́lá bọ́ ọ, ó kúnlẹ̀. Lójú gbogbo wọn, Bàbá fi ọwọ́ òsì di ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mú. Ó gbé e. Ó wúwo, ó ń gbọ̀n, ìka rẹ̀ rọ sílẹ̀, ẹnìkan fẹ́ dìde ràn án lọ́wọ́, ó sì fi ojú dá a padà. Ó gbé e títí ó fi dókè orí ọmọ rẹ̀, ó rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Òsì ló darí rẹ̀ dé ibẹ̀, kò sì fi ọrùn ọwọ́ náà sílẹ̀. Ọ̀tún ló wà lórí ọmọ.

Ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ó ní ibi tí ó bá gbé ẹsẹ̀ sí, ilẹ̀ á gbà á. Ó ní ilé ọkọ á tù ú. Ó ní ọmọ tí yóò bí kò ní—

Ó fajú ro. Wọ́n rò pé ẹkún ló fẹ́ sun, Monísọ́lá ti ń bọ̀.

"Ta ló di orí ọmọ yìí?" ni Bàbá wí.

Onídìrí tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn sá padà.

"Ta ló to abẹ́rẹ́ ìbòrí sí i lórí báyìí? Ẹnu abẹ́rẹ́ wà lókè gbangba. Ó ń gún mi lọ́wọ́."

Lọ́lá kò gbé orí sókè, ṣùgbọ́n gbogbo ara rẹ̀ le gbandi. "Ọwọ́ wo, Bàbá?"

"Ọwọ́ wo ni mo gbé lé ọ lórí?"

Ìgbà náà ni ẹkún bọ́ lẹ́nu Lọ́lá, èyí tí kò tíì pariwo rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, ó ń sun ún sórí itan bàbá rẹ̀, àtíkè ń ṣàn sára bùbá funfun. Monísọ́lá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó dé. Bàbá wo àbàwọ́n tó ń tàn kálẹ̀ lára aṣọ rẹ̀, ó fa imú.

"Iṣẹ́ burúkú," ni ó wí. "Bí kì í bá ṣe ẹni tó ṣe páàdì yẹn ló di orí yìí, ìbátan rẹ̀ ni." Ó sì ń bá àdúrà rẹ̀ lọ láti ibi tó ti dúró, kò sún ọwọ́ náà kúrò níbi tí abẹ́rẹ́ wà.